Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Ló Yẹ Kó Wá Bá Ọwọ́ Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Lóṣù tó kọjá ni mo mẹ́nu bà á lójú ewé yìí pé ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú, látìgbà tí ọrùn mi ti kọ̀ láti máa gbé orí sókè lórí kẹ̀kẹ́ eré ìje. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀ nílé pọ̀ tó báyìí. Lẹ́tà rọ́ wọlé láti Leeds, láti Manchester, títí dé Houston lọ́hùn-ún, ohùn kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń sọ̀rọ̀: ẹ̀yìn ti rọrùn, ọwọ́ ni ò rójú. Nítorí náà, mo ti gbé lẹ́tà táyà tó ń jò àti ti ṣéènì tó ń já sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ la ó sọ lóṣù yìí.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: lórí kẹ̀kẹ́ yìí, èèyàn ń jókòó bí ìgbà tí bàbá ilé bá fẹ̀yìn ti àga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹsẹ̀ á nà síwájú, pẹ́dà á sì wà lórí ọ̀pá tó yọ jáde níwájú. Ìdí àti ẹ̀yìn ló gbé ara. Ọwọ́ kò gbé ohunkóhun, ìdarí nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, torí òun ni gbogbo ìdáhùn mi dá lé.

Irin tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró ni màá máa pè ní òpó. Irin tí pẹ́dà so mọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni apá pẹ́dà. Ọ̀pá tó gbé gbogbo ìyẹn síwájú ni ọ̀pá iwájú.

*

*Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò sì ga, mítà 1.57 ni mí. Mo ra kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú àlòkù ní oṣù kẹta nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ẹ̀yìn ti sàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gùn ún fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìka ọwọ́ òsì mi tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e á kú tipiri, èjìká á sì máa ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra ìbọ̀wọ́ tó ní fóòmù nínú. Ṣé ìbọ̀wọ́ ló kù?*
*Ìyá Ìbejì, Leeds*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ẹ fi owó ìbọ̀wọ́ yẹn sápò. Lórí kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé ń gùn, àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé ara iwájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki fóòmù bọ ìbọ̀wọ́. Lórí tiyín, kò sí ohun tí fóòmù fẹ́ gbé. Bí ìka bá kú lórí kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ kò ti ru ẹrù, àrà tí apá ń dá kó tó lè dé ibi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló fà á.

Ẹ̀yin lẹ mọ ara èèyàn jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó kù. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń sin ìka méjèèjì tí ẹ dárúkọ yẹn. Ó ń gba ìgbọ̀nwọ́ kọjá, níbi tá a máa ń fi gbá etí tábìlì tí gbogbo apá á fi gbọ̀n, ó tún ń gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kó tó dé ìka. Bí apá bá nà gbọnrangandan, tí ọrùn ọwọ́ sì tẹ̀, iṣan yẹn ò ní rọgbọ. Èjìká tó ń ro yín tún jẹ́rìí sí i: ẹ ti gbé e kúrò lára àga kí ọwọ́ lè tó ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ yẹn kó tó dọ́wọ́ yín ga jù yín lọ. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Èmi náà jẹ ìyà yìí, mo sì jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo ra àkọ́kọ́ tèmi, ọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó dé bóòtù, ó ní ó ti tán. Kò wo ọwọ́ mi rárá. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ẹ̀bá odò Trent láti Nottingham níbí, mo ń lọ sí Newark. Kí n tó dé Gunthorpe, mi ò mọ̀ bóyá ìka mi wà lórí búréèkì tàbí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dúró, mo jókòó sétí omi, mo ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú ìka. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn mo ra ìbọ̀wọ́ oríṣi méjì, mo ra rọ́bà ìdìmú tó nípọn, mo wé téèpù lé e. Ìka ṣì ń kú.

Ohun tó yọ mí ni ohun tí bàbá mi máa ń ṣe ní Ìṣẹ́yìn. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni wọ́n, Raleigh tí wọ́n kó láti ìlú tí mò ń gbé báyìí ló sì pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ tó ń dé ìsọ̀ wọn. Bí ẹnì kan bá gbé kẹ̀kẹ́ tuntun wá, wọ́n á ní kó gùn ún kí àwa ọmọ dì í mú, kó wá di ojú rẹ̀, kó na ọwọ́ síwájú bó ṣe wù ú. Ibi tí ọwọ́ bá balẹ̀ sí ni wọ́n máa ń gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ ò ní bóòtù, kẹ̀kẹ́ ló ní bóòtù. Èyí tó ní bóòtù ni kó sún." Ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni mo dì ojú lórí kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú nínú gáréèjì mi ní Beeston, mo na ọwọ́, àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ mi àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ ṣe é báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tún ọwọ́ ṣe, tí ẹ wá sún ọ̀pá iwájú lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ á tún dàrú. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn àti ìdí ti ògiri, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan tán, kí ẹnì kan wọn ọ̀nà láti ara ògiri dé gìgísẹ̀ yín. Ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀, torí òun ni wọ́n á máa bi yín ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ta kẹ̀kẹ́ yìí. Ní ti àyẹ̀wò lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ bọ́ sórí àga, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà níbi tó jìnnà sí yín jù. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ lórí àga. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bó ṣe yẹ, orúnkún á kó díẹ̀, ibi tí a fẹ́ nìyẹn. Bó bá jìnnà jù, ìdí á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì máa kú. Bó bá sún mọ́ yín jù, orúnkún ló máa sanwó rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ọ̀pá iwájú ló ṣeé ṣe kó wọlé sí i. Ẹ rántí pé ṣéènì ń lọ, ó sì ń bọ̀: sẹ̀ǹtímítà kan tí ẹ bá ti ọ̀pá wọlé, bíi méjì ni ṣéènì á fi dẹ̀. Bó bá dẹ̀ ju ohun tí jíà ẹ̀yìn lè gbà mọ́ra lọ, ẹ yọ ojú ṣéènì méjì-méjì. Kí ẹ sì wò ó láti iwájú kí ẹ tó dé bóòtù, kí ọ̀pá má wọ́ sápá kan.

Ó wá kan ọwọ́. Kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì di kẹ̀kẹ́ mú bí wọ́n bá ti lágbára tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá àgbàlagbà. Ẹ fẹ̀yìn tì dáadáa kí eegun èjìká méjèèjì kan àga. Ẹ dijú. Ẹ gbé ọwọ́ sókè láti ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ìgbọ̀nwọ́ sì wà nítòsí ìhà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í sọ òtítọ́; ibi tí ọwọ́ bá sinmi sí lẹ́yìn ìyẹn ni tiyín. Kí ẹni tó dúró tì yín fi rúlà wọn ibi tí ọwọ́ yín wà sí ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà.

Kí ẹ tó tú bóòtù kankan, ẹ lẹ téèpù mọ́ ibi tí gbogbo nǹkan wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè padà síbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ wá sún òpó náà ní sẹ̀ǹtímítà kan-kan. Àmì kan wà lára òpó tó sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá. Ẹ má ṣe rí i síta láé. Ẹ dé bóòtù bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà ṣe wí. Lára òpó púpọ̀, Nm 5 tàbí 6 ni (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí bóòtù), sípánà tó ń ka agbára sì ni kí ẹ fi dé e, kì í ṣe agbára apá lásán. Ẹ dé wọn ní ìdákan-ìdákan, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sápá òsì tán, ẹ yí i sápá ọ̀tún tán, kí ẹ wo wáyà búréèkì àti ti jíà. Bí ọ̀kan bá fà gan-an, wáyà tó gùn sí i ló kàn, ẹ má gùn ún bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí àwọn tí kò ga sábà máa ń kó sí. Bí ẹ bá gbà pé òpó gígùn tó tẹ̀ wá sẹ́yìn ni yóò gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá bá yín, yóò gbé e wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ á di bí ọkọ̀ ojú omi tó ní ìtọ́kọ̀ gígùn. Bí ẹ bá fẹ́ yà díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á gbọ́dọ̀ wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń dẹ́rù bani nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò bá sáré. Bí àga tiyín bá ṣeé sún síwájú, ẹ kọ́kọ́ sún un. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ wá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí apá rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ wá sẹ́yìn, kí òpó lè wà ní kúkúrú. Mo fẹ́ràn èyí ju òpó gígùn lọ, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni mẹ́ta níbí.

Níparí, ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ẹ̀yìn ìka gbọ́dọ̀ tọ́ bí ìlà kan. Bó bá tẹ̀, ẹ tú ìdìmú àti búréèkì, ẹ yí wọn títí á fi tọ́. Ẹ wá gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ìka bá ṣì ń kú lóru, nígbà tí ẹ kò tiẹ̀ sún mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ mọ̀ pé ti dókítà nìyẹn.

*

*Ẹ̀gbọ́n wa, ọwọ́ òkè, èyí tó wà lókè itan, ni kẹ̀kẹ́ mi ní, orúnkún mi sì ń gbá a bí mo bá ń yà ní ìkóríta. Mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè títí orúnkún ò fi kàn án mọ́. Ní báyìí, òun gan-an ló ń dí mi lójú, apá sì ń ro mí nítorí pé ó ga.*
*Àbúrò yín ní Milton Keynes*

Àbúrò mi, ẹ sọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Orúnkún ló yẹ kí ẹ bá wí, kẹ̀kẹ́ sì ní ohun tí a fi ń bá a wí.

Ẹ wo ẹ̀yìn apá pẹ́dà yín, wọ́n máa ń tẹ gígùn rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé 170 lẹ máa rí, torí òun ni ó wọ́pọ̀ jù. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé pẹ́dà ń sún mọ́ yín ní mìlímítà 170, ó sì ń jìnnà sí yín ní mìlímítà 170, ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Bí ẹ bá fi ti 155 rọ́pò rẹ̀, pẹ́dà kò ní jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ ó sì fa ọ̀pá iwájú síta ní mìlímítà 15 kí ẹsẹ̀ lè nà bó ṣe ń nà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ṣírò ibi tí pẹ́dà bá ti sún mọ́ yín jù: mìlímítà 15 nítorí apá tó kúrú, mìlímítà 15 nítorí ọ̀pá tó jáde, ó di 30. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gbáko ni ẹsẹ̀ yín fi jìnnà sí ara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi tí orúnkún ti ń ga jù. Orúnkún á rẹlẹ̀, ààyè á wà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ síbi tó ti kúrò. Ẹ ó ní láti máa yí pẹ́dà kíákíá díẹ̀ sí i pẹ̀lú jíà tó fúyẹ́, ara á sì mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orúnkún mi ọ̀tún tó ti ń ké láti ọjọ́ pípẹ́ dákẹ́ nígbà tí mo ṣe é. Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí kẹ̀kẹ́ yìí, ti apá pẹ́dà kúkúrú ni mo fi ọkàn ná jù.

Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan wà tó fẹ̀ tó sì tẹ̀ wálẹ̀, tí orúnkún ń gba àárín rẹ̀ kọjá nígbà tí ọwọ́ wà ní ìta. Apá sinmi dáadáa lórí ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fẹ ara lójú atẹ́gùn, ẹ ó sì rí i nínú ìdáhùn tó kàn pé atẹ́gùn ń gba owó orí.

Ní ti ojú: bí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ẹ gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ tó wà níwájú yín láìgbé orí kúrò níbi tó wà. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá bo ihò ojú ọ̀nà mọ́ yín lójú, ó ga jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

*

*Bàbá, ẹ kú ọjọ́ yìí sà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sáré. Mo rí àwọn kan tí ọwọ́ wọn pàdé níwájú àyà lórí kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú tó dùbúlẹ̀ gan-an. Ṣé kí n yí tèmi sí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn ọ̀rẹ́ mi tún ń sọ pé kẹ̀kẹ́ arúgbó ni mò ń gùn.*
*Ọmọ yín, Manchester*

Ọmọ mi, jẹ́ kí n fún ọ ní ohun tí wàá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí á tó débi bóòtù. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1933, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Francis Faure gun kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú ní Paris, èyí tí Charles Mochet ṣe, ó sì rin kìlómítà 45.055 ní wákàtí kan ṣoṣo. Láti ọdún 1914 ni ẹnikẹ́ni kò ti kọjá kìlómítà 44.247 tí Oscar Egg rìn. Kí ni wọ́n ṣe fún Faure? Ní ọdún 1934, UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kọ òfin ohun tó lè máa jẹ́ kẹ̀kẹ́ eré ìje, wọ́n sì fi òfin náà ti kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú síta. Ó dùn mí títí dòní. Arúgbó kọ́ ló ń gun ohun tí wọ́n ní láti fi òfin lé kúrò lórí pápá.

Kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ ló fi borí. Atẹ́gùn ni. Bí o bá ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ibi tí o ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ sí ni títi atẹ́gùn kúrò lọ́nà. Tí o bá fẹ́ gbé e dé 36, agbára tí atẹ́gùn á gbà lọ́wọ́ rẹ kò ní fi ìdá kan nínú márùn-ún lé, nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò fi lé. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè ṣe fún eré ni pé kó kó apá rẹ pamọ́ sẹ́yìn nǹkan tí atẹ́gùn ti ń gbá tẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ àti àyà rẹ. Ọwọ́ tó pàdé níwájú àyà, bí ẹni tó di ife tíì gbígbóná mú láàárọ̀ òtútù, ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n má yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń bẹ̀ ọ́ bí ọmọ tí mo bí. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á máa yára gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ ju bó o ṣe lérò lọ, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni èèyàn máa ń ṣubú. Wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo ní àárọ̀ Sunday. Máa gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yí po òsì, yí po ọ̀tún, dúró, gbéra. Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó di òròmọdìẹ mú: kó má bọ́, kó má sì kú. Ibi tí o bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ máa lọ, nítorí náà, má wo táyà. Tí o bá sì dé orí òkè, má fi ọwọ́ fa ara rẹ. Ẹni tó bá ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lórí òkè, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa wọ́ bí ejò, agbára tó fi ń fà á kò sì dé táyà. Ẹ̀yìn ni kó o fi ti àga, kí ẹsẹ̀ ti pẹ́dà.

Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá o jèrè nìyí. Gbé kámẹ́rà sórí nǹkan tó ga tó ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ, níwájú, kí o jókòó bí ìgbà tó ò ń sáré, kí o ya fọ́tò. Gbogbo ohun tó bá yọ síta kọjá èjìká àti ìbàdí rẹ ni atẹ́gùn ń dì mú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbọ̀nwọ́ ni. Nígbà tí mo ya tèmi, ìgbọ̀nwọ́ mi yọ bí ìyẹ́ adìẹ tó ń sá oòrùn, bẹ́ẹ̀ mo ti rò pé mo ká a mọ́ra. Lẹ́yìn náà, wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, lọ ní ọjọ́ tí atẹ́gùn dákẹ́, wọ aṣọ kan náà, kí o jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìtẹ pẹ́dà, láti ojú ibì kan náà. Kọ ibi tó dúró sí sílẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Yí nǹkan kan, nǹkan kan péré, kí o tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àga àti táyà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́ láéláé.

Ní ti àga tó dùbúlẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń mú eré wá ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní owó tirẹ̀. Tí àga bá ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ fi bíi dígírì 25 péré ga sókè láti ilẹ̀, tàbí tó tún rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, o nílò ìrọ̀rí ọrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn rẹ á máa gbé orí fún wákàtí mẹ́ta. Sọ àga kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù kan. Gbogbo ìgbà tí àga bá sọ̀ ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí èjìká rẹ ti sún sẹ́yìn.

*

*Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún 71 ni mí ní Houston. Àwọn ọmọ mi ra èyí tó ní táyà mẹ́ta fún mi, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lápá méjèèjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ búréèkì, ó máa ń fà sápá òsì, dídìde kúrò nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń tì kí n tó lè dìde.*
*Ìyá Àgbà, Houston*

Màmá, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ jọ̀wọ́, láti òní lọ, ẹ má ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Ìdarí ni wọ́n ṣe é fún, ó so mọ́ àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń yí táyà iwájú, wọn kò sì ṣe é láti gbé àgbàlagbà dìde. Ó lè yẹ̀, táyà á sì ṣẹ́rí lójijì lábẹ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ dé búréèkì ìgúnlẹ̀ pa, èyí tí kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí nígbà tó bá dúró. Ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé kí wọ́n tẹ ilẹ̀ nítòsí àga, ẹ tẹ orí síwájú, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti irin àga fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ta irú kẹ̀kẹ́ yìí tún ní irin ìdìmú tí wọ́n ń dè mọ́ férémù fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n bá yín wá a.

Ní ti pé ó ń fà sósì: lára púpọ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ yín, búréèkì ọwọ́ òsì ló ń mú táyà òsì, ti ọ̀tún ló ń mú ti ọ̀tún. Nítorí náà, bó bá ń fà nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì nìkan, ti òsì ló ń mú ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é kí méjèèjì máa mú bákan náà. Bó bá ń fà nígbà tí ẹ kò tẹ búréèkì, ọ̀rọ̀ di ti táyà méjèèjì iwájú, bí wọ́n ṣe dojú kọ ọ̀nà. Ẹ ní kí ẹnìkan wọn àlàfo àárín wọn ní etí wọn tó kọjú síwájú, kó tún wọ̀n ọ́n ní etí wọn tó kọjú sẹ́yìn, ní ìwọ̀n gíga kan náà. Ti iwájú gbọ́dọ̀ fi bíi mìlímítà kan sí méjì kéré ju ti ẹ̀yìn lọ, àyàfi bí ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá bá sọ ohun mìíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe gbọ́dọ̀ wọn èyí kó tó gbé e padà fún yín.

Ibi tí ọwọ́ yẹ kó wà nínú tiyín rọrùn. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì wálẹ̀ fúnra wọn bí ìgbà tí oorun bá ń kun yín, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sí ara. Ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé ìdìmú wá. Bí ẹ bá ní láti na ìka kí ẹ tó lè kan búréèkì, bóòtù kékeré kan máa ń wà lára rẹ̀ tó ń fà á sún mọ́ ìka. Ẹ̀yin àgbà nílò rẹ̀ ju àwa yòókù lọ.

*

*Ibo ni kí n fi dígí, agogo àti fóònù sí? Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi ti kún.*
*Òǹkàwé kan, Peckham*

Dígí ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ààyè, torí pé lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ kò lè yí èjìká wẹ̀yìn bí ti kẹ̀kẹ́ yòókù. Ní Britain níbí tí a ti ń gba apá òsì, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń yọ sí yín, ibẹ̀ ni dígí àkọ́kọ́ ń lọ, kí ẹ tó ronú èkejì. Ẹ so ó mọ́ ìparí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì tò ó nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dúró tì í. Agogo á wà níbi tí àtàǹpàkò lè dé láìjẹ́ pé ìka kúrò lórí búréèkì. Ní ti fóònù, ẹ gbé e kúrò lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pátápátá, ẹ dè é mọ́ ọ̀pá iwájú. Ojú yín ń wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní máa yí pẹ̀lú ọwọ́ yín bí ẹ bá ń yà.